Bí Táyà Ọ̀kadà Ṣe Ń Mú Ilẹ̀ Nínú Ẹrẹ̀: Ìgbà Òjò ní Magodo àti Agbègbè Kòsọ́fẹ́

Ojú ibi méjì péré ni ọ̀kadà fi ń kan ilẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ibẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnì ń gbà dé ilẹ̀, ibẹ̀ ni bíréèkì ti ń rí ohun dì mú, ibẹ̀ náà ni ọ̀kadà gbára lé nígbà tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lórí títì ọlọ́dà tó gbẹ, rọ́bà àti ọ̀dà máa ń di ara wọn mú dáadáa débi pé ẹni tó ń gun ọ̀kadà kì í rò ó rárá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ tí ilẹ̀ sì di ẹrẹ̀, omi àti amọ̀ á bọ́ sáàárín rọ́bà àti ilẹ̀ tó le. Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ́ńjìnì ṣe lágbára tó kọ́ ló ń sọ bóyá ọ̀kadà á lọ tàbí á yọ̀. Ohun tó ń sọ ọ́ ni bóyá táyà lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá kó sì rí ilẹ̀ tó le mú. Irú eyín tí táyà ní, ìwọ̀n atẹ́gùn inú rẹ̀ àti ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe: kí táyà lè bá ilẹ̀ pàdé.

Òjò àti ilẹ̀ Kòsọ́fẹ́

Ìgbà méjì ni òjò máa ń pọ̀ ní Èkó láàárín ọdún. Òjò àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ó sì máa ń le jù lọ ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje. Ní oṣù Kẹjọ, òjò á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àrọ̀kúrò á wá rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà lè wà nínú ẹrẹ̀ fún ìdajì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oríṣi ilẹ̀ méjì ló wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ẹrẹ̀ wọn kò sì jọra. Ní apá òkè, bíi Magodo, Ṣáńgíṣà àti apá kan Kétu, ilẹ̀ pupa ni ó pọ̀, iyanrìn àti amọ̀ tó dàpọ̀ mọ́ra. Bí òjò bá rọ̀ sórí irú ilẹ̀ yìí, òkè rẹ̀ nìkan ló máa ń rọ̀, abẹ́ rẹ̀ á ṣì le. Ẹrẹ̀ rẹ̀ kì í jìn, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ gan-an, pàápàá níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun tàbí dagẹ̀rẹ̀.

Ní apá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá Odò Ògùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àjẹgúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, Agílítí, ẹ̀yìn ọjà Mile 12, Àgbóyì àti apá odò Ìṣẹrí jẹ́ ilẹ̀ tí odò ti ń kó ẹrẹ̀ wá dà sí láti ayébáyé. Amọ̀ dúdú ló pọ̀ níbẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn. Lẹ́yìn òjò, àwọn àdúgbò yìí tún máa ń gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi yìí lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Àjẹgúnlẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Bí omi bá fà tán, ẹrẹ̀ jíjìn ló ń fi sẹ́yìn, èyí tí táyà lè rì sínú rẹ̀ títí dé ríìmù.

Ọlọ́kadà tó bá mọ ìyàtọ̀ méjì yìí ti mọ ohun tó pọ̀. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ pupa ń béèrè fún táyà tó lè gé òkè tó ń yọ̀ kọjá kó sì dé ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ etí odò ń béèrè fún táyà tí kò ní tètè rì, nítorí pé ilẹ̀ líle lè má sí nítòsí rárá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, títí kan Ìkòsí-Ìṣẹrí àti Àgbóyì-Kétu, pẹ̀lú Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà mìíràn láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Alùpùpù kò tìtorí èyí tán lójú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà dísípáàṣì tó ń gbé oúnjẹ, oògùn àti ọjà láti ìsọ̀ dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Magodo lójoojúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gun alùpùpù ara wọn lọ sí ibi iṣẹ́. Bí a bá sì kọjá Ìṣẹrí bọ́ sí Wárewà àti Arépò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀kadà ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gùn wọ àdúgbò tí ọ̀dà kò tíì dé.

Ìṣòro ọlọ́kadà dísípáàṣì yàtọ̀ sí ti ọlọ́kadà abúlé tó ń gbé kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ jáde láti oko. Ọlọ́kadà abúlé lè wà nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ti dísípáàṣì, orí ọ̀dà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò yà sínú ẹrẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, yóò sì padà sórí ọ̀dà níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré. Táyà tó bá dára fún ọ̀nà kan nìkan lè pa á lára lójú ọ̀nà kejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ táyà

Ẹyọ amọ̀ kọ̀ọ̀kan kéré ju 0.002 mílímítà lọ, ó sì pẹlẹbẹ. Bí omi bá wọ àárín àwọn ẹyọ yìí, ńṣe ni wọ́n máa ń yọ̀ lórí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹrẹ̀ amọ̀ fi ń yọ̀ ju iyanrìn tútù lọ: iyanrìn tóbi, ó rí ṣáṣá, omi sì ń tètè ṣàn gbà á kọjá.

Lórí ọ̀dà, ìfarakínra rọ́bà àti òkúta ló ń jẹ́ kí táyà mú ilẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, ìyẹn kò tó mọ́. Eyín táyà gbọ́dọ̀ wọnú ilẹ̀, kó sì ti ilẹ̀ sẹ́yìn kí ọ̀kadà lè lọ síwájú. Agbára tí ilẹ̀ ní láti kọ̀ fún eyín náà ni gbogbo ohun tí táyà lè rí lò. Bí ẹni tó ń gùn ún bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ á já, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Bó bá ti ń yí báyìí ni yóò máa po amọ̀ àti omi pọ̀, tí ẹrẹ̀ á túbọ̀ máa rọ̀. Ẹrẹ̀ tó pò yìí á wá dí àárín eyín, ojú táyà á sì dọ́gba bí ẹni pé kò léyín rí. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni táyà ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe: kó wọnú ilẹ̀, kó sì gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára bó ṣe ń yí.

Eyín táyà

Táyà tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ń gbé bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ ni a ṣe fún títì. Eyín rẹ̀ kúrú, wọ́n sún mọ́ra, ọ̀nà tóóró àárín wọn sì wà láti lé omi kúrò lórí ọ̀dà. Bó bá wọnú amọ̀, kì í pẹ́ tí àárín náà fi máa ń dí. Ní òdìkejì rẹ̀ ni táyà eléyín ńlá tí àwọn tó ń fi alùpùpù díje nínú igbó ń lò. Eyín rẹ̀ ga, wọ́n dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jìnnà síra, tí ẹrẹ̀ fi lè já bọ́ bí táyà ṣe ń yí. Nínú ẹrẹ̀, irú rẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, orí eyín díẹ̀ péré ló máa ń dúró lé. Ó máa ń gbọ̀n, ó máa ń tètè jẹ, bíréèkì rẹ̀ sì máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá bí ọ̀dà bá tutù.

Fún ẹni tó ń lọ sókè sódò láàárín Magodo, Kétu àti Mile 12, irú táyà kẹta ló bọ́ sí i jù: èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà méjèèjì. Àárín rẹ̀ ní eyín tó fẹ̀ tó sì sún mọ́ra fún ìsáré lórí ọ̀dà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní eyín ńlá tí àyè wà láàárín wọn, èyí tó ń di ilẹ̀ mú nígbà tí táyà bá rì díẹ̀ tàbí tí ọ̀kadà bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí owó kò bá tó láti pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí a má fi ojú kéré èyí tó wà níwájú. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọ̀kadà lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa ra èyí tó dára fún un, kí wọ́n fi ògbólógbòó síwájú. Bẹ́ẹ̀, bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹni tó ń gùn ún sábà máa ń rí àyè gbà á padà. Bí táyà iwájú bá yọ̀, ọ̀kadà á ti ṣubú kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Fífẹ̀ táyà náà ní ipa tirẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọ́: 3.00-17 túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ ní ínǹṣì 3, ó sì ń wọ ríìmù onínṣì 17. Táyà tóóró máa ń gé ẹrẹ̀ kọjá lọ bá ilẹ̀ líle, nítorí náà ó wúlò lórí ilẹ̀ pupa Magodo. Táyà fífẹ̀ máa ń pín ìwúwo ọ̀kadà kiri, kì í sì tètè rì, nítorí náà ó dára fún ẹrẹ̀ jíjìn etí odò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí fi táyà tó tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ lọ sára ọ̀kadà láìwọn àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti mọ́dígáàdì tàbí ṣéènì. Bí àyè kò bá tó, ẹrẹ̀ kékeré á dá táyà náà dúró.

Táyà tó ti gbó

Eyín tó ti jẹ kò lè wọnú ilẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń fi àmì sínú ọ̀nà tóóró àárín eyín, òkìtì rọ́bà kékeré tó ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Lẹ́tà TWI tàbí àmì onígun mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń tọ́ka sí ibi tó wà. Bí eyín bá ti jẹ débi pé òun àti òkìtì náà dọ́gba, ìlò táyà náà ti parí, kódà lórí ọ̀dà. Fún ẹrẹ̀, ìlò rẹ̀ ti dín kù tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì bí eyín. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń mú kí rọ́bà le, rọ́bà tó bá sì ti le kì í rọ̀ mọ́ ilẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún: 2523 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 25 nínú ọdún 2023. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC àti àjọ SON tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí òpin ìlò táyà ní Nàìjíríà. Táyà lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù láìtíì kan ilẹ̀ rí, kí ọdún mẹ́rin náà sì ti kọjá.

Ẹni tó ń ra táyà ní láti wo èyí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí Michelin ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007, tí Dunlop tó wà ní Ìkẹjà náà sì dáwọ́ dúró láìpẹ́ sígbà náà, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú táyà tí a ń lò ti ń wá. Ìjọba ti fi táyà tòkunbọ̀ sí ara ọjà tí kò gbọ́dọ̀ wọlé, síbẹ̀ a ṣì ń rí i rà. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tó ga lójú, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a rí ìlà tó là, kò yẹ ní gbígbé sára ọ̀kadà, bó ti wù kó dínwó tó.

Atẹ́gùn inú táyà

Láàárín gbogbo àtúnṣe tí a lè ṣe, atẹ́gùn ló dínwó jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà fún. Psi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lórí Bajaj Boxer, èyí tó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wa, nǹkan bí psi 25 ni wọ́n ń fi síwájú. Ẹ̀yìn ń gba psi 28 bí ẹnì kan bá wà lórí rẹ̀, tàbí 32 bí ẹni kejì bá wà lẹ́yìn. Ìwé tó bá ọ̀kadà wá àti àmì tó wà lára rẹ̀ ni kí a gbọ́ tiwọn ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ìwọ̀n atẹ́gùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n agbára tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀. Psi 28 jẹ́ nǹkan bíi kílò 2 lórí gbogbo sẹ̀ntímítà kan níbùú lóòró. Ilẹ̀ líle lè gbé e. Ẹrẹ̀ etí odò kò lè gbé e, táyà á sì rì. Bí a bá dín atẹ́gùn kù, táyà á tẹ́ díẹ̀, ojú tó fi kan ilẹ̀ á gùn sí i, eyín púpọ̀ sí i á kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa rọ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò tó bá pàdé. Àwọn tó ń fi alùpùpù díje nínú ẹrẹ̀ máa ń dín tiwọn kù sí nǹkan bí psi 12 sí 14. Ṣùgbọ́n alùpùpù tiwọn fúyẹ́, ohun èlò pàtàkì kan sì wà nínú ríìmù wọn tó ń di táyà mú kó má bàa yí lórí ríìmù.

Ọ̀kadà wa kò ní irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Bí atẹ́gùn bá kéré jù, táyà á máa yọ̀ lórí ríìmù, á sì fa tíúbù dání títí fáàfù yóò fi ya. Bó bá já sínú kòtò, ríìmù á tẹ tíúbù mọ́lẹ̀, yóò sì lu ú jo. Nítorí náà, fún ọ̀kadà tí kò ru ẹrù, dídín psi 4 sí 6 kù ti tó. Bí ẹrù wúwo bá wà lẹ́yìn, kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá sì dín atẹ́gùn kù gbọ́dọ̀ fi í padà kó tó sáré lórí ọ̀dà, nítorí pé táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó máa ń gbóná, kì í sì í yà bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọlọ́kadà ní gééjì kékeré àti pọ́ńpù ọlọ́wọ́ nínú àpò rẹ̀. Fífi ẹsẹ̀ ta táyà láti mọ bóyá atẹ́gùn rẹ̀ tó kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà náà, kí a sọ iye tí a ń fẹ́, kí a sì wo gééjì bó ṣe ń fún un.

Ara ọ̀kadà

Mọ́dígáàdì iwájú tó sún mọ́ táyà jù lè di ọ̀tá nínú amọ̀. Ẹrẹ̀ tí táyà bá gbé ró á há sáàárín wọn, á gbẹ síbẹ̀, títí táyà kò fi ní lè yí mọ́. Àwọn kan máa ń gbé mọ́dígáàdì wọn sókè díẹ̀. Èyí dára bí wọ́n bá so ó dáadáa, tí kò sì ní já lu táyà lórí ìrìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ yí i padà lè mú igi tóóró dání láti fi gbá ẹrẹ̀ jáde bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Bíréèkì onílù tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa máa ń gba omi sínú bó bá la adágún kọjá, agbára rẹ̀ á sì dín kù lójijì. Lẹ́yìn irú omi bẹ́ẹ̀, kí a máa rọra lọ, kí a sì máa tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ títí ooru rẹ̀ yóò fi lé omi náà jáde. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ sára ṣéènì máa ń jẹ ẹ́ bí àyùn. Kí a fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí a fi ọ́ìlì sí i, kí a sì rí i pé kò fà jù, kò sì dẹ̀ jù.

Ibi tí ẹrù wà náà ń sọ bí táyà yóò ṣe mú ilẹ̀. Ìwúwo lórí táyà ẹ̀yìn ń ràn án lọ́wọ́ láti ti ọ̀kadà lọ, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù tàbí tó ga jù, iwájú á fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́. Nínú àpótí dísípáàṣì, kí ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀, kó sì sún mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún.

Ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Òfin ẹrẹ̀ gan-an nìyí. Gbogbo ohun tó bá dé bá táyà lójijì, ìbáà jẹ́ iná ẹ́ńjìnì, bíréèkì tàbí yíyà, lè mú kí ilẹ̀ já lábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí a tó wọ ẹrẹ̀. Ó dára kí a dúró wo ọ̀nà náà: ibo ni omi ti jìn, ibo ni táyà ọkọ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀, ibo ni koríko tàbí òkúta ti wà. Ẹ̀gbẹ́ tó ní koríko sábà máa ń mú táyà ju àárín tí ọkọ̀ ti pò lọ. Omi tí a kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè bo gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ mọ́lẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ ní Èkó. Bí kò bá sí ẹni tó ti kọjá níbẹ̀, kí a fi igi wọ̀n ọ́n.

Bí a bá ti fẹ́ wọlé, kí a ti wà nínú jíà kejì. Jíà kìíní máa ń fún táyà ní agbára tó pọ̀ jù, ìyípo lásán ló sì máa ń dá sílẹ̀. Kí iná wà ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí fífà á lójijì. Kí ojú wo iwájú, níbi tí a ń lọ, kì í ṣe abẹ́ táyà. Kí ọwọ́ di háńdù mú láìle koko, nítorí pé táyà iwájú á máa mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń wá ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá bá a jà ló máa ń ṣubú. Kí ìdí sún sẹ́yìn díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn lè rí ìwúwo, kí ẹsẹ̀ sì wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kadà bá ń lọ. Bí ìrìn bá lọ sílẹ̀ gan-an, a lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Bíréèkì iwájú, tó lágbára jù lórí ọ̀dà gbígbẹ, ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù nínú ẹrẹ̀. Bó bá di táyà iwájú pa, ọ̀kadà á wó. Ó sàn kí a dín iná kù kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ fa ọ̀kadà sẹ́yìn, kí a sì fi bíréèkì ẹ̀yìn ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ pupa, kí a sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà tó kéré, kí a má sì fa kúlọ́ọ̀ṣì mú, nítorí pé ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnì kò bá dì mú á sá lọ.

Bí táyà bá rì

Bí táyà ẹ̀yìn bá ti ń yí lójú kan, kí a dín iná kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ìyípo tó bá ṣe lẹ́yìn èyí, kòtò tirẹ̀ ló ń gbẹ́. Kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí a wà ní jíà kìíní, kí a fún un níná díẹ̀, kí a sì máa tì í. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo ènìyàn kan ti kúrò lórí táyà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sẹ́yìn gan-an, kí ọwọ́ má sì sún mọ́ ṣéènì tàbí sípóòkù.

Bí kò bá jáde, kí a kó ẹrù kúrò, kí a gbá ẹrẹ̀ iwájú táyà kúrò, kí a sì tẹ́ ohun tó le síbẹ̀: pákó, ẹ̀ka igi, imọ̀ ọ̀pẹ, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tàbí àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo tí a ká pọ̀. A tún lè dá ọ̀kadà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀ kí táyà lè jáde nínú kòtò, kí a sì fa ìdí rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ tó dára. Kí a kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnì, kí a sì ti epo. Àwọn kan máa ń wé okùn tàbí ṣéènì mọ́ táyà ẹ̀yìn kó lè ní eyín. Ó lè gbé ọ̀kadà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá tú, ó lè há mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kadà tàbí bíréèkì kó sì dá táyà dúró gbọnrangandan. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ so ó le, kó rọra lọ, kó sì tú u bó bá ti kúrò nínú ẹrẹ̀.

Ìpadàsórí ọ̀dà

Ọ̀pọ̀ ìṣubú kì í ṣẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ rárá, bí kò ṣe ní ìwọ̀nba mítà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ṣì ní amọ̀ láàárín eyín, orí amọ̀ yẹn ló sì ń sáré, kì í ṣe orí rọ́bà. Bí a bá yà lójijì sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú tàbí ọ̀nà CMD pẹ̀lú irú táyà bẹ́ẹ̀, ewu ńlá ni. Kí a máa lọ tààrà, láìsáré, títí ẹrẹ̀ yóò fi já tán.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ máa ń yọ̀ jù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ́ìlì àti eruku tó ti wà lójú títì sókè. Lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ̀ ọ́, ó máa ń mú táyà díẹ̀ sí i. Ẹni tó lè dúró lábẹ́ òrùlé fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti yẹra fún ìgbà tó burú jù. Ní ìtòsí ọjà Mile 12, níbi tí ewébẹ̀ àti tòmátò jíjẹrà ti máa ń dà sójú ọ̀nà, ìṣọ́ra yìí di ọ̀ranyàn.

Ojú ọ̀nà

Kò sí táyà tó lè rọ́pò ọ̀nà rere. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, ẹgbẹ́ àwọn onílé a máa dá owó jọ láti ra ilẹ̀ pupa dà sí kòtò. Bí omi kò bá ti ibẹ̀ kúrò ná, ilẹ̀ pupa náà á di ẹrẹ̀ tuntun ní òjò kejì, owó náà á sì ti ṣòfò. Omi ni ká kọ́kọ́ lé: kí a la gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí a kó pàǹtírí inú rẹ̀, kí a sì rí i pé ó ń ṣàn lọ síbi kan. Lẹ́yìn náà, kí a fi òkúta tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ṣe ìpìlẹ̀, kí a wá fi ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ bò ó, kí a kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí àárín ọ̀nà ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi lè ṣàn sínú gọ́tà láìdúró. Ọ̀nà tí a bá ṣe báyìí lè la ìgbà òjò já láìní ọ̀dà, ọ̀kadà tí eyín táyà rẹ̀ pé tí atẹ́gùn rẹ̀ sì tọ́ yóò sì gbà á kọjá láìyọ̀.